Iná Ara Aṣọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Táírọ́ìdì àti Họ́mónù Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá àti bàbá sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Ìkéré-Èkìtì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, torí àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àbúrò àti ọmọ mi tẹ́ ẹ wà níjòókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Èkìtì Kété, mo kí yín o. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé tí ẹ fi pè mí ni pé, bí táírọ́ìdì èèyàn, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, ò bá ṣiṣẹ́ tó mọ́, ṣé kó máa lo họ́mónù (ohun tí táírọ́ìdì ń ṣe, tó ń darí iṣẹ́ ara) ni, àbí kó wá ohun tó fa àìsàn náà gan-an, kó mú un kúrò nílẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ni. Ó sì ká mi lára, torí díẹ̀ ló kù kí ìbéèrè yìí gba àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èlùbọ́ ni àbúrò mi ń tà. Akíkanjú ni, kí àkùkọ tó kọ ló ti máa ń wà lójú títì. Nígbà tó di ẹni ọdún 43, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nínú oṣù kẹta, tí ooru ń mú gbogbo wa, tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, òun á wọ súwẹ́tà ní ọ̀sán gangan, á ní òtútù ń mú òun. Ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tó ń jẹ ń dín kù. Irun rẹ̀ ń re. Ohùn rẹ̀ há. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ le bí òkúta, á sì máa sùn lórí ìjókòó nínú ọjà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí oníbàárà kan sanwó. Ó di owó náà mú, ó ń wò ó, ó ń wò ó, kò mọ iye ṣéńjì tí yóò fún un. Àbúrò mi, tó jẹ́ pé orí ló fi ń ṣírò owó àpò èlùbọ́ 20!

Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Èmi nọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́jọ gbáko kọjá kí n tó rò ó pé ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí èsì dé, TSH rẹ̀, ìyẹn họ́mónù tí ara fi ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, lé ní 60. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju bíi 4 lọ. Dókítà fún un ní hóró oògùn kékeré kan tó ń jẹ́ levothyroxine, họ́mónù táírọ́ìdì ni, ó ní kó máa lò ó láràárọ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, àbúrò mi ti padà di àbúrò mi.

Ó lò ó fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan tó ń ta àgbo inú ìgò bá a ní ìsọ̀. Ó ní oògùn òyìnbó yẹn kò wo nǹkan kan, àìsàn ló ń bò mọ́lẹ̀. Ó ní gbòǹgbò ni kó wá. Ó wá pa á lówe pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Òwe yẹn ló mú un. Òwe tí ìyá tó bí wa fi tọ́ wa ni, báwo ni kò ṣe ní í gbà á gbọ́?

Ó dá oògùn dúró. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, koko lara ń le. Ẹ má gbàgbé ibi tí mo dé yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Họ́mónù yìí kì í tètè kúrò lára. Bí ọjọ́ 7 ni ìdajì rẹ̀ máa ń lò kó tó lọ, ìdajì èyí tó kù á tún lo ọjọ́ 7 mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró ṣì ń jẹ èyí tó ti wà nílẹ̀, bíi ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ná owó oṣù tó kọjá. Á rò pé àgbo ló ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n pè mí lóru. Ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ nípọn, bó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, ẹ lè ka ẹẹ́wàá kó tó parí rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bíi sìmẹ́ǹtì inú ọyẹ́. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sí aago mi: 44 ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ 11 la lò ní ọsibítù. Ọlọ́run dá a sí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju òwe náà nù. Òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni ibi tó ti bá ọ̀rọ̀ táírọ́ìdì mu, àti ibi tí kò ti bá a mu rárá.

Iwájú ọrùn ni táírọ́ìdì wà, nísàlẹ̀ gògóńgò, ó dà bíi labalábá tó na ìyẹ́ méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú áyódíìnì, èròjà kan tí à ń rí nínú oúnjẹ, láti inú ẹ̀jẹ̀, kó fi ṣe họ́mónù. Oríṣi méjì ni họ́mónù náà: T4, tó ní áyódíìnì mẹ́rin lára, àti T3, tó ní mẹ́ta. Àwọn ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù, fún ìfun pé kó ṣiṣẹ́, fún ara pé kó móoru, fún ọpọlọ pé kó jí. Ẹni tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì wà lábẹ́ ọpọlọ. Òun ló ń rán TSH. Ẹ fi wé ìyá tó ń pe ọmọ láti ilé ìdáná. Bí ọmọ bá dáhùn, ìyá á dákẹ́. Bí ọmọ ò bá dáhùn, ìyá á gbé ohùn sókè, á tún gbé e sókè sí i. TSH tó ga, ohùn ìyá tó ń pariwo ni. Ṣùgbọ́n ariwo ìyá ò lè sọ ìdí tí ọmọ ò fi dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ń wá igi ìdáná tí kò rí. Ó lè jẹ́ pé ara ọmọ ò yá lónìí, tí yóò sì yá lọ́la. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ò sí láyé mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìwòsàn wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti igi ìdáná, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí. Ilẹ̀ olókè tó jìnnà sí òkun, tí òjò ti ń fọ̀ láti ayébáyé, kì í sábà ní púpọ̀ nínú, ohun tó bá sì hù lórí ilẹ̀ kò lè ní ohun tí ilẹ̀ ò ní. Ẹ wo ibi tí àwa wà, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dé Ìkéré níbí. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Àwọn ló pa á lówe pé onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ń ba tẹ̀yìn jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí kì í tú ìborùn kúrò lọ́rùn, ì báà jẹ́ inú ooru. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, gbogbo ìyá ìyàwó yòókù fi iyùn sọ́rùn. Òun fi tirẹ̀ sọ́wọ́, ó wé e ní ìgbà mẹ́ta mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo ṣì ń rí ọwọ́ yẹn lójú mi.

Gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀, làálàá ni. Táírọ́ìdì tí kò rí áyódíìnì tó á máa fẹ̀ sí i, kó lè gba ìwọ̀nba tó bá ń kọjá. Bó bá jẹ́ èyí ló ṣe èèyàn, tí a sì ń fún un ní họ́mónù nìkan nígbà tí áyódíìnì ò sí nínú iyọ̀ ilé rẹ̀, omi là ń pọn sínú agbọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà wà nínú ewu kan náà. Níbí yìí, òwe wa bá a mu wẹ́kú.

Láti 1993 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí wọ́n máa fi áyódíìnì sí iyọ̀ jíjẹ. Ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ ò ju máíkírógíráàmù 150 lọ. Aláboyún nílò 250. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù kan, nítorí náà ó kéré gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó wà níbí ti ń ronú pé ṣé mo fẹ́ kí àwọn máa bu iyọ̀ ni. Rárá o. Wọ́n ní ká má jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ tí gíráàmù rẹ̀ kan bá ní máíkírógíráàmù 30 nínú, gíráàmù 5 rẹ̀ á fún yín ní 150 géérégé. Kì í ṣe iyọ̀ púpọ̀ là ń wá, iyọ̀ tó yẹ là ń wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra iyọ̀. Ìyá tó tà á fún mi ti dà á sínú abọ́ fífẹ̀, oòrùn ń pa á, agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àpò rẹ̀." Ó ní àpò ti di ohun tí wọ́n fi ń di èédú. Iyọ̀ tí oòrùn àti ọ̀rinrin bá ń bá jà, áyódíìnì inú rẹ̀ ń fò lọ ni. Ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé áyódíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí ọbẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ni kẹ́ ẹ fi í.

Ẹ̀gẹ́ náà ní ọ̀rọ̀. Oró kan wà lára rẹ̀, tí ara ń sọ di ohun tó ń dí áyódíìnì lọ́nà, kó má rí táírọ́ìdì wọ̀. Àwọn ìyá wa ti borí rẹ̀ tipẹ́: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan, kí wọ́n tó yan án. Nínú ọjọ́ tó fi ń kan àti omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ òkúta ni oró náà ti ń lọ. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́ nítorí pé ọjà yá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dákun. Iyán wa tí a fi iṣu gún, kò sí nínú ẹjọ́ yìí.

Mo gbọ́dọ̀ tún sọ pé kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ló ti àìtó áyódíìnì wá. Òmíràn, táírọ́ìdì ló ń ṣiṣẹ́ jù: ẹni náà á máa rù, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ojú rẹ̀ lè máa yọ síta. Òmíràn, kókó ló wà nínú rẹ̀, tó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀kán áyódíìnì fún ara rẹ̀ láìmọ èyí tó ṣe é lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá kún ìṣòro, torí pé àpọ̀jù áyódíìnì náà ń ba táírọ́ìdì jẹ́.

Ti ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá lónìí tí yóò yá lọ́la, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oògùn kan wà fún ọkàn, amiodarone, òmíràn wà fún àìsàn ọpọlọ, lithium. Àwọn méjèèjì lè dí táírọ́ìdì lọ́wọ́. Dókítà tó kọ wọ́n fún yín ló lè yí wọn padà, ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà wà níbẹ̀: láàárín ọdún kan tó bímọ, táírọ́ìdì rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ jù, bí omi tó ya, kó tún wá sùn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń jí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí TSH rẹ̀ kàn fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí T4 rẹ̀ ṣì pé. Ó yẹ ká tún ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dì í mọ́ oògùn. Ní 2017, èsì ìwádìí kan jáde láti Yúróòpù, lára àwọn 737 tí wọ́n ti tó ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí TSH wọn ga díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní họ́mónù, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọdún kan, àárẹ̀ ara ò dín lára àwọn tó lo họ́mónù ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, mi ò sí lẹ́yìn ẹni tó ń fún gbogbo ẹni tó bá ti rẹ̀ ní họ́mónù. Àárẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń rẹ èèyàn, àtọ̀gbẹ ń rẹ èèyàn, ìbànújẹ́ náà ń rẹ èèyàn.

Ó wá kan ọmọ tí kò sí mọ́.

Ní 1912, dókítà kan ní Jàpáánì, Hakaru Hashimoto, kọ̀wé nípa gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n gé lọ́rùn obìnrin mẹ́rin. Ó rí i pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ló ya bo táírọ́ìdì. Àrùn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Níbi tí iyọ̀ aláyódíìnì bá ti kárí, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa táírọ́ìdì. Obìnrin ló sì ń ṣe jù. Òun ló ṣe àbúrò mi. A mọ ohun tó fa á, a mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí àgbo, kò sí oúnjẹ, kò sí oògùn ọsibítù tí a rí tó lè pa àwọn ọmọ ogun yẹn láṣẹ pé kí wọ́n padà sílé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ padà, ibi tí wọ́n ti jó kì í hù mọ́. Ẹni tí wọ́n ti gé táírọ́ìdì rẹ̀ kúrò nítorí gẹ̀gẹ̀ náà wà nípò kan náà.

Ẹ bá mi gbé òwe wa wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a bá pa gbogbo iná tó wà láṣọ lónìí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà mu ò ní padà sínú ara. Ẹni tí iná ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ̀jẹ̀ la ó fún un.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn ní 1891, ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin ẹni ọdún 46 kan wú, ó tutù, ó lọ́ra, bí mo ṣe sọ fún yín nípa àbúrò mi. Dókítà George Murray fún un ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún jáde láti inú táírọ́ìdì àgùntàn. Obìnrin náà jí. Ó ń lo táírọ́ìdì àgùntàn títí ó fi kú lẹ́ni ọdún 74. Ọdún 28 ló gbé sí i, àgùntàn tó sì lé ní 870 ni wọ́n lò fún un. Kí ọdún yẹn tó dé, ńṣe ni wọ́n máa ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú.

A ò wá àgùntàn mọ́ o. Ilé iṣẹ́ oògùn ló ń ṣe levothyroxine, T4 kan náà ni, áyódíìnì mẹ́rin lára, kò yàtọ̀ sí èyí tí ọrùn yín ń ṣe. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí wọ́n bá ní ó ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹni tí kànga rẹ̀ gbẹ tó ń ra omi, kí ló bò mọ́lẹ̀? Òùngbẹ ló ń pa. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ ṣá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lò ó láti fọn, tí nǹkan kan ò ṣe táírọ́ìdì wọn, ọkàn wọn ni wọ́n ń ba jẹ́, àti egungun wọn.

Bí àbúrò mi ṣe ń lò ó báyìí nìyí. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, ó fi omi lásán gbé e mì. Ó gbálẹ̀ àgbàlá, ó wẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan ló tó mu ẹ̀kọ tó sì jẹ àkàrà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ti di ti alẹ́, torí irin àti kálíṣíọ̀mù ń di họ́mónù náà mú nínú ikùn. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́rin láàárín wọn. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló máa ń dúró kó tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí TSH kì í yára balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lò ó tẹ́ ẹ lóyún, ẹ sáré sọ fún dókítà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, họ́mónù ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú ń lò, ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kì í sábà tó mọ́.

Ọmọ tuntun ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú fún ìgbà pípẹ́, ahọ́n rẹ̀ á tóbi, ẹkún rẹ̀ á há, ìdodo rẹ̀ á yọ, á máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní í fẹ́ mu ọmú. Wọ́n á máa yìn ín fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ họ́mónù fún un kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọpọlọ rẹ̀ lè jí pérépéré bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ohun tó lọ ti lọ. Mi ò lè bẹ̀bẹ̀ tó lórí eléyìí: ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè nawọ́, bàbá kan dìde. Ó ní wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ ìyàwó òun, ṣé títí ayé ni yóò máa lo oògùn yìí? Mo ní bí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi, títí ayé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, a ó máa rà á."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dìde. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òun ní hóró kan náà, wọ́n sì ní títí ayé ni. Mo bi í bóyá ó ní àìsàn yìí kó tó lóyún, ó ní rárá. Mo ní, má dá a dúró o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n nígbà tó o bá padà lọ, bi dókítà rẹ pé oṣù wo ni ẹ máa jọ dín in kù, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ká mọ̀ bóyá táírọ́ìdì rẹ ti jí. Ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ó yọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó yá bírò lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn rẹ̀.